Àwòrán tó ní ara, gbọ̀ngàn tí kò ní ògiri

Bàbá ayàwòrán kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó dà á sọ́tùn-ún, ó dà á sósì, ó tún nà án jìnnà. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé èyí náà ni àwòrán mi?"

Àwòrán tó ń bèèrè gan-an wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Òkè Olósùnta ni, ní ìdájí, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ẹsẹ̀ òkè náà. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni bàbá fi lẹ ọ̀dà olóróró mọ́ kánfáàsì, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ara àwòrán náà ní gegele, ó ní kòtò, ó sì ṣì ń rùn bí òróró. Ohun tó wà nínú fóònù ni gbọ̀ngàn àfihàn tí èmi àti ọmọ rẹ̀ bá a kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dá a lóhùn pé, "Òun kọ́, Bàbá. Alárinà rẹ̀ ni."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì dúró sí, nítorí mi ò tíì rí èyí tó yé àwọn èèyàn wa tó o. Alárinà kì í ṣe ìyàwó, kì í sì í ṣe ọkọ. Ó mọ ilé méjèèjì, ó ń gbé ìròyìn lọ, ó ń gbé e bọ̀. Bí ó bá ròyìn òótọ́, ojú á mọ ojú láìsí ìjà. Bí ó bá bù mọ́ ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fojú kanra ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Òbí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà bi mí rí bóyá kánfáàsì ò ní wúlò mọ́ láìpẹ́. Ẹnì kan tó fẹ́ ra àwòrán bi mí bóyá òun ṣì ní láti wá wò ó nígbà tó ti wà lójú fóònù òun. Ayàwòrán kan sì bẹ̀rù pé bí òun bá gbé e síbẹ̀, wọ́n ti jí i nìyẹn. Ohun kan náà ló rú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú: wọn ò mọ ohun tí alárinà yìí lè ròyìn àti ohun tí kò lè ròyìn.

Orúkọ gbọ̀ngàn yìí gan-an, gbọ̀ngàn àfihàn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ́kọ́ ń dà wá láàmú, torí ohun mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni ojú ewé tí wọ́n to fọ́tò àwòrán sí, bí álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó. Ẹ ó tẹ ọ̀kan, á tóbi sí i, ẹ ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó lọ sí òmíràn. Kò burú. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òmíràn ni ti gbọ̀ngàn tó wà lórí ilẹ̀ lóòótọ́, tó ní ilẹ̀kùn àti ọlọ́dẹ. Wọ́n á gbé kámẹ́rà tó ń rí iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á yà á, wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á tún yà á. Kọ̀ǹpútà á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ń "rìn" nínú irú rẹ̀, ṣe lẹ̀ ń fò láti ibi tí kámẹ́rà ti dúró lọ sí ibòmíràn tó ti dúró. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí kámẹ́rà ò dúró níwájú rẹ̀ fi máa ń rí bàìbàì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2011 ni Google ṣí irú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú mùsíọ́ọ̀mù 17, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya òpópónà náà ni wọ́n sì tì wọ inú ilé. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé ní 2020, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sá sí.

Ẹ̀kẹta ni ti gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni ò fi búlọ́ọ̀kù kọ́ rí. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ya ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀, àti iná tó ń tàn nínú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé fọ́tò àwòrán kọ́ sára ògiri yẹn. Irú èyí la kọ́ fún bàbá, torí kò sí owó tí a máa fi gba gbọ̀ngàn ní Adó-Èkìtì, ká má tíì sọ Èkó. Ẹ lè fi ìka rìn nínú rẹ̀ lójú fóònù, ẹ sì lè de awò ńlá kan mọ́ ojú, èyí tó ń fi àwòrán tó yàtọ̀ díẹ̀ síra han ojú ọ̀tún àti ojú òsì, gẹ́gẹ́ bí ojú wa méjèèjì ṣe ń ríran, tó sì ń mọ̀ bí ẹ bá yí orí. Ẹni tó bá dè é máa ń na ọwọ́ láti fi kan ògiri tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa ni bí àwòrán ṣe ń dé inú gbọ̀ngàn yìí, torí ibẹ̀ ni alárinà ti ń kọ́ irọ́.

Kò sí ẹ̀kán ọ̀dà kan tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Oòrùn tàbí gílóòbù á tàn sí ọ̀dà, ọ̀dà á gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, á dá ìyókù padà sí wa lójú, èyí tó dá padà yẹn la sì ń pè ní àwọ̀. Kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó gé e sí ẹ̀kán tíntìntín. Ẹni tó bá ti rí adé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè á mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ bá jìnnà sí i, ojú èèyàn lẹ máa rí lára adé náà, bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ṣe rí nínú fóònù. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé nọ́ńbà mẹ́ta dání: bí ìmọ́lẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, bí ti àwọ̀ ewé ṣe pọ̀ tó, bí ti búlúù ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 255. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló ń rìnrìn àjò láti Ìkẹ́rẹ́ dé Tòróńtò.

Tó bá débẹ̀, fóònù ẹni tó ń wò ó á sọ nọ́ńbà di ìmọ́lẹ̀ padà. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀dà ò jọ ń pò bákan náà. Bí bàbá bá po ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù pọ̀, ẹrẹ̀ ló máa rí. Bí fóònù bá po ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, funfun ló máa rí. Ọ̀dà ń yá ìmọ́lẹ̀ tó bá wà nínú yàrá lò, nítorí náà àwòrán Olósùnta yẹn kì í rí bákan náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Fóònù ń tan iná tirẹ̀. Ó lè tàn yòò lóru nínú òkùnkùn, ó sì lè ṣú lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Fóònù méjì lórí tábìlì kan náà lè fi pupa méjì hàn yín láti ara fọ́tò kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà wa pín àwọ̀ sí funfun, pupa àti dúdú, aró sì wà lábẹ́ dúdú. Àwọn kan máa ń rò pé ojú wọn ò ríran tó ni. Irọ́ ni. Kò sí aláró tí kò mọ̀ pé aṣọ tó wọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí èyí tó wọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún. Inú dúdú gan-an ni ọgbọ́n wọn wà, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà fóònù ti ń kùnà jù. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ò tíì dé nínú àwòrán bàbá, búlúù ló wà níbẹ̀, tí bàbá fi àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sí, ó sì ní dúdú mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo yà, gbogbo rẹ̀ di èédú kan ṣoṣo.

Fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn ní àléébù mìíràn, èmi ni mo sì fà á. Àgbàlá ni mo gbé àwòrán náà sí, níwájú ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Oòrùn tàn sí ògiri, ògiri da àwọ̀ ewé sára ìkùukùu funfun; ṣẹ́ẹ̀tì mi náà sì hàn bí àpá pupa níbi tí ọ̀dà ti ń dán. Bàbá wò ó, ó ní, "Ìkùukùu mi kì í ṣe àwọ̀ ewé." Kò pariwo. Ó kàn dá fóònù padà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, inú yàrá la wọlé sí. A ti fèrèsé. A gbé iná méjì tó jẹ́ oríṣi kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n dàgẹ̀rẹ̀ sí àwòrán náà, kí dídán rẹ̀ má bàa ta sínú kámẹ́rà. Kámẹ́rà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó kọjú sí àárín gbùngbùn kánfáàsì, torí bó bá tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán á kéré ju ìkejì lọ. Mo wọ dúdú. A gbé káàdì kan tó ní àwọ̀ 24 tí gbogbo ayé mọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Káàdì yẹn ni ẹlẹ́rìí: kọ̀ǹpútà á wo bí àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ṣe jáde nínú fọ́tò, á wò ó mọ́ bó ṣe yẹ kó rí, á wá fi ìyàtọ̀ yẹn tún àwòrán náà ṣe. Ìkùukùu padà di funfun. Dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ.

Síbẹ̀, nǹkan kan ti lọ. Iná méjì tó tàn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pa òjìji àwọn gegele ọ̀dà yẹn. Ara àwòrán ti di pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ lóòótọ́ tí ẹ sún orí sí ẹ̀gbẹ́, gegele kọ̀ọ̀kan á kọ mànà á tún kú, bí omi tó ń sàn. Ìdí tí bàbá fi ń da fóònù sọ́tùn-ún sósì nìyẹn. Mànà yẹn ló ń wá. A tún ya fọ́tò mìíràn pẹ̀lú iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè hàn, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń da fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ta lára ọ̀dà bí ẹ ti ń rìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ò tíì ń lò ó.

Ẹ má rò pé mò ń bẹnu àtẹ́ lu alárinà o. Nígbà mìíràn, ó máa ń rí ohun tí ẹni tó lọ síbẹ̀ ò lè rí. Mùsíọ́ọ̀mù Rijksmuseum ní Amsterdam gbé fọ́tò àwòrán ńlá tí Rembrandt kùn ní 1642 jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, èyí tí wọ́n ń pè ní Night Watch. Fọ́tò 8,439 ni wọ́n yà tí wọ́n so di ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 717. Ẹni tó bá wà ní Ìjìgbò ní Adó, tó ní dátà, lè sún mọ́ ọn títí á fi rí bí ọ̀dà ṣe sán. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó sì dúró níwájú rẹ̀ kò ní lè rí i, torí wọn ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó wà ní Ìjìgbò yẹn kò ní mọ̀ lára pé àwòrán náà fẹ̀ ju mítà 4 lọ, pé kò ní gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ rẹ̀ wọlé. Lójú fóònù, òun àti Mona Lisa, àwòrán obìnrin tó lókìkí jù láyé, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 lọ, ọgbọọgba ni. Ìwọ̀n ni irọ́ tí alárinà ń pa jù, kò sì ní í mọ̀ pé òun ń parọ́. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gbé fọ́tò kọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé àwòrán yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122 sí 91. Bí kò bá sọ, gbọ̀ngàn náà á fún un ní ìwọ̀n tó wù ú. Mo ti rí àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ju ìwé àjákọ lọ, tó tóbi bí ilẹ̀kùn nínú gbọ̀ngàn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó rà á ṣí páálí, ó rò pé ìyókù ṣì ń bọ̀. Ohun tí mo ṣe fún bàbá ni pé mo ya àga onígi kan, irú èyí tó wà ní pálọ̀ gbogbo wa, mo gbé e sábẹ́ àwòrán náà nínú gbọ̀ngàn. Ojú tó bá ti rí àga á mọ bí òkè ṣe tóbi tó.

Àwa ará Èkìtì ní ìdí tiwa láti mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Igi ni, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Ibẹ̀ ni British Museum ti rí i, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Òpó kan láti ààfin yẹn, níbi tí ọba ti jókòó tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó sì ga jù ú lọ, wà ní Art Institute ní Chicago.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní páásípọ́ọ̀tù lè rí méjèèjì lónìí láìsan kọ́bọ̀ kan yàtọ̀ sí dátà. Mi ò fojú kéré ìyẹn rárá. Àmọ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ jin sínú igi: orí àwọn èèyàn tó gbẹ́ yọ síta lára pákó, tí fọ́tò iwájú nìkan á fi tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ bí ó ṣe tẹ ọ̀dà bàbá. Irú èyí nílò kí wọ́n ya ọ̀pọ̀ fọ́tò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n ṣírò bí ara rẹ̀ ṣe rí, kí èèyàn lè yí i ká. Ohun tó sì ń gbé mi lọ́kàn jù ni pé ilẹ̀kùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òpó wà ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí wọ́n ti dúró wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní báyìí, inú gbọ̀ngàn tí kò ní ògiri nìkan ni wọ́n ti lè tún dúró pa pọ̀ lójú ọ̀nà ààfin kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí gbọ̀ngàn yìí lè ṣe tí ilé kò lè ṣe, òun nìyẹn.

Ní ti òbí tó ń bẹ̀rù pé kánfáàsì á di ohun àtijọ́: ẹ wo àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu kùn ní 1974, ti Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí àwòrán gan-an wà. Ní 2017 ni wọ́n rí i nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ilé gbàǹjo Bonhams tà á lórí gbàǹjo ní oṣù Kejì 2018, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Àwọn ẹ̀dà yẹn ò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ olè náà ò pẹ́. Ohun mẹ́ta ló wà, wọ́n sì yàtọ̀: àwòrán fúnra rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà ti 2022 fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀ fún ayàwòrán ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó ra àwòrán yín kò ra àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ fún yín pé òun á bá yín ta àwòrán yín ní NFT, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí gan-an ni ẹni tó bá rà á máa gbé lọ sílé. Àkọsílẹ̀ ni, kánfáàsì kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó kù, tí àwọn tó ń ta gbọ̀ngàn yìí kì í sábà sọ, ni pé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Adobe dá Flash, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, dúró ní ìparí 2020, àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n fi kọ́ kò ṣí mọ́. Mozilla Hubs, ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe àfihàn àwòrán, ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2024. Àwòrán Rembrandt ti lé ní 380 ọdún. Gbọ̀ngàn tí a kọ́ fún bàbá, bí a bá gbàgbé láti san owó ọdún tó ń bọ̀, á pòórá.

Nítorí náà, a fi fọ́tò ńlá méjèèjì pamọ́ sí ibi méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà la sọ̀ àwòrán náà kalẹ̀ lára ògiri, a dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bàbá mú pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́ sára igi férémù lẹ́yìn kánfáàsì: Olósùnta ní ìdájí, ọ̀dà olóróró, 122 sí 91, orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó kùn ún. Ó bi mí ní orúkọ tí a fún fọ́tò náà nínú kọ̀ǹpútà, mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ eruku pẹ́ńsù kúrò, ó sì ní ká bá òun gbé e kọ́ padà.